Osùn Ara Sàrátù

Ẹ gbé ìpara yẹn kúrò níwájú mi. Rùkáyá, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, má wo ẹ̀yìn. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, obìnrin kan á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, á da ìpara oríṣiríṣi pọ̀ sínú ike kan, á máa rò ó bí ẹni ń ro ògì, ẹ ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láìbi í pé kí ló wà níbẹ̀. Nígbà tó bá yá, ojú á pupa, oríkèé ìka á dúdú kirikiri, ẹ ó wá wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ ó ní, "Ìyá àgbà, kí lẹ máa ń lò nígbà tiyín?"

Osùn ni. Òrí àti osùn. Mo ti sọ ọ́ tán, ẹ lè máa lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Níbo lẹ ti máa rí osùn ọ̀hún? Lóṣù tó kọjá, mo rán ọ̀kan nínú yín lọ sọ́jà, ó mú lẹ́búlẹ́bú pupa kan bọ̀ nínú láílọ́ọ̀nù. Mo fi omi rà á lọ́wọ́, aró ẹní ni! Aró tí wọ́n fi ń kun ẹní. Ọmọ náà tún ní ẹni tó tà á búra fún òun pé ojúlówó ni. Họ́wù!

Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara nìkan lẹ bá wá. Ẹ ń ṣọ́ mi. Láti ìgbà tí a ti sin Sàrátù, àbúrò mi, Ìyá Ọ̀yọ́ yín, gbogbo yín lẹ ń yọ́ ojú mi wò bóyá omijé á bọ́ níbẹ̀. Kò bọ́. Mò ń jẹun, mò ń kírun, oorun sì ń kùn mí. Ẹni tó bá ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, màá ní Ọlọ́run á dá ẹ̀yin náà sí. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Inú mi kàn dákẹ́ ni. Ẹ jókòó, kí n sọ ti osùn fún yín, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Sàrátù wà.

Ilé bàbá wa ní Ọ̀yọ́ ò jìnnà sí ààfin. Télọ̀ ni bàbá wa, ọwọ́ ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá. Ìyá wa ń ṣe èlùbọ́. Ẹ̀yìn ilé la ti ń bẹ iṣu, ibẹ̀ la ti ń bọ̀ ọ́, orí àpáta tó wà níbẹ̀ náà la sì ti ń sá a. Àmọ́ ohun tó máa ń jí mi láàárọ̀ kì í ṣe àkùkọ. Òkúta osùn ni. Àwọn ìyá ilé á jókòó, wọ́n á máa fi igi osùn ha òkúta, wọ́n á máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, ṣàà, ṣàà, ṣàà, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí. Omi pupa á máa sàn sínú igbá. Tó bá ti silẹ̀, wọ́n á da omi orí ẹ̀ nù, wọ́n á sá èyí tó kù, wọ́n á sì mọ ọ́n róbótó róbótó. Ẹ̀yin, fóònù ló ń jí yín. Ó dáa náà.

Kò sí bí osùn ṣe máa wà nínú ilé kó má kan gbogbo èèyàn. Ara ògiri pupa, ẹní pupa, ìrù ewúrẹ́ pupa. Abiyamọ ń kun ún, ọmọ tuntun ń kun ún, ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ ń kun ún. Sàrátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́ nígbà tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá bàbá wa lẹ́yìn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Funfun báláú ni ẹ̀wù tí bàbá wọ̀. Bàbá ò mọ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwa láti sọ fún un. Ó lọ bẹ́ẹ̀, ó dúró ní sáàfù iwájú, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló fi ojú sí àtẹ́lẹwọ́ pupa méjì kírun. Nígbà tó délé tó bọ́ ẹ̀wù, ó wò ó títí, ó ní, "Sàrátù, o bá mi lọ kírun lónìí nìyẹn." Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá fúnra ẹ̀ ló fọ ẹ̀wù náà, kò sì mọ́.

Àléfọ́ ló ń yọ Sàrátù lẹ́nu láti kékeré. Irú tìẹ yìí náà ni, Rùkáyá. Tí ọyẹ́ bá ti dé, oríkèé apá rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ àti ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Á ha á, á máa ṣomi, á tún ha á. Ìyá wa á gé èékánná ẹ̀ kúrú, á fi ọṣẹ dúdú tí wọn ò po nǹkan kan mọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní fi omi gbígbóná kàn án, kò sì ní fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o. Bí ara bá ti tutù lẹ́yìn ìwẹ̀ ni yóò ti fi òrí pa á, kó tó gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀, àléfọ́ á lọ.

Àpá ẹ̀ ò wá ní lọ. Ibìkan á dúdú bí ìdí ìkòkò, ibòmíràn á sì funfun, pàápàá níbi ọrùn àti apá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé àrùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyá wa máa ń bínú sí àwọn tó bá fẹ́ kánjú. Ó ní iṣẹ́ àléfọ́ yàtọ̀, iṣẹ́ àpá yàtọ̀. Kò jẹ́ fi osùn kan ibi tó bá ṣì ń ṣomi. Ó ní kí ara kọ́kọ́ jinná, kí yíyún dá pátápátá, lẹ́yìn náà ni ká tó máa sọ̀rọ̀ àwọ̀. Nígbà náà ló máa yọ́ òrí lọ́wọ́, á po osùn mọ́ ọn, á fi kun ún láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, á ní kó wọ inú ilé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń kun osùn nítorí àpá kì í sá èlùbọ́. Kì í lọ sódò lọ́sàn-án, kì í jókòó sí ìta. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa wà pẹ̀lú àwọn arúgbó, á máa bá wọn ran òwú. Tí ó bá pọn dandan kó jáde, aṣọ gbọ́dọ̀ bo àpá náà. Bàbá wa rán bùbá alápá gígùn fún Sàrátù láti ara àjẹkù aṣọ tí àwọn oníbàárà fi sílẹ̀, apá kan aláwọ̀ búlúù, apá kejì aláwọ̀ ewé, a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá wa ní oòrùn ni kì í jẹ́ kí àpá gbàgbé ara ẹ̀. Bóyá osùn ló ń ṣiṣẹ́ o, bóyá jíjókòó sí ibòji àti òrí ló ń ṣiṣẹ́, èmi ò lè búra. Oṣù mélòó kan ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló máa jókòó nínú ilé fún oṣù mélòó kan lónìí? Ẹ ti lọ sí kíláàsì, ẹ ti lọ sí ìpàdé, ẹ ti ya fọ́tò.

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, Sàrátù wá bá mi gbé ọmọ. Ibi tó ti pàdé Lásísì nìyẹn. Dírẹ́bà ni Lásísì, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Ó máa ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá láìní nǹkan kan tó ń ṣe níbẹ̀. Á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," Sàrátù á ní, "Iṣẹ́ wo lẹ rí lọ́wọ́ wa?" Á rẹ́rìn-ín, á lọ, á tún padà. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà, kí n má purọ́. Nígbà tí Sàrátù bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ ẹ̀ ní títì, á sáré lọ wo ojú ẹ̀ nínú díńgí, ọmọ mi á sì máa ké lórí ẹní. Àwọn ẹbí Lásísì lọ tọrọ ẹ̀ ní Ọ̀yọ́, bàbá wa gbà, wọ́n ní tí Iléyá bá ti kọjá kí wọ́n so yìgì.

Sàrátù padà sí Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Àléfọ́ jáde lára Sàrátù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó sì lọ, àpá funfun wà ní ọrùn àti oríkèé apá ẹ̀. Àsìkò yẹn ni ìyá Lásísì wá kí àwọn àna ẹ̀. Sàrátù kúnlẹ̀ gbé omi fún un, obìnrin náà ò gba omi. Ojú ẹ̀ wà ní apá tó gbé omi.

Ó ní, "Kí nìyí?"

Ìyá wa ní, "Àléfọ́ ni mà. Ó ti lọ. Àpá ẹ̀ ló kù."

Ó dìde, ó ní òun ń lọ. Ẹ̀tẹ̀ ló rò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá rí ara tó funfun lójú kan, ohun tó máa ń wá sọ́kàn èèyàn nìyẹn. Ẹni tó bá ní in, wọ́n á mú un kúrò láàárín èèyàn, àwọn àbúrò ẹ̀ ò sì ní rí ọkọ fẹ́. Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ránṣẹ́ sí bàbá wa pé kí àpá náà lọ kó tó di Iléyá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí kálukú máa ṣe tiẹ̀.

Èmi ni mo mú Sàrátù lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan níbí. Nọ́ọ̀sì náà ní kó di ojú. Ó fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó fi kan ojú àpá náà, ó ní, "Níbo ni mo fọwọ́ kàn?" Sàrátù fi ìka tọ́ ibẹ̀. Ó tún fi kan ibòmíràn, Sàrátù tún tọ́ ọ. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀tẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìgbà tí òwú kan òun, pé àpá àléfọ́ lásán ni, àwọ̀ á padà fúnra ẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀, tí kò bá ha á, tí kò bá sì gbé e sínú oòrùn. Mo sáré lọ sọ fún ìyá Lásísì. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì kọ́ ló máa bá wa gbé e sílé."

Bí Sàrátù ṣe wọ inú osùn nìyẹn. Ìyá wa ò jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ kan ìta. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń kun ún, ọwọ́ ìyá wa pupa títí dé ìgunpá. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ osùn tí a ò rò. Tó bá ti wà lára, èèyàn ò lè rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Sàrátù máa ń bi mí tí mo bá lọ kí wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ń lọ?" Màá wò ó títí, pupa nìkan ni màá rí. Màá ní ó ń lọ. Ó máa ń gbà mí gbọ́, á padà sí ìdí òwú.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá Lásísì dé láìsọ tẹ́lẹ̀, òun àti obìnrin méjì kan. Bàbá wa ò sí nílé. Wọ́n bá Sàrátù lọ́dẹ̀dẹ̀, ó pupa láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá Lásísì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ gbà mí! Ẹ fi osùn bò ó mọ́lẹ̀!"

Ìyá wa ní, "Ìtọ́jú ni mà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ìtọ́jú àbí ìbòjú? Ẹ wẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

"Mà, ẹ jẹ́ ká dúró de bàbá ẹ̀."

"Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Ìyá wa lọ pọn omi. Mo rí i tó ń pọn ọ́n, mi ò dá a dúró. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti wẹ Sàrátù, lọ́sàn-án gangan, iró lójú àyà, níwájú gbogbo obìnrin tó ń sá èlùbọ́. Iṣẹ́ dúró. Omi pupa ń ṣàn lọ lórí àpáta, ìyá kan ń sáré kó èlùbọ́ ẹ̀ kúrò lọ́nà omi, ìyẹn nìkan ni ìró tó wà níbẹ̀. Ìyá Lásísì gbá apá Sàrátù mú, ó na apá náà sínú oòrùn, ó fi àtàǹpàkò ra oríkèé ẹ̀, ó rà á, ó tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní, "Ó ń lọ. Kò tíì lọ tán. Ẹ máa kun ún lọ." Sàrátù ò ké. Ògiri ló ń wò. Nígbà tí mo jáde sí iwájú ilé láti lọ mí díẹ̀, mo rí ọkọ̀ Lásísì. Ó wà nínú ẹ̀. Òun ló gbé wọn wá. Ó kí mi, ó ní, "Ẹ kú ilé mà," mo dá a lóhùn. Kò sọ̀ kalẹ̀.

Àpá náà lọ o. Kó tó di Iléyá, kò sí ẹni tó lè tọ́ ibi tó wà. Bàbá wa fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọ osùn kúrò lápá ẹ̀, ó ní ó tó. Nígbà tí àwọn ẹbí Lásísì gbé ẹrù dé, ilé kún, a ti se ìrẹsì, àáfà ti jókòó. Wọ́n ní kí ìyàwó jáde. Sàrátù jáde, bùbá alápá gígùn tó ní àwọ̀ méjì yẹn ló wọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí gbogbo wọn dáadáa. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ẹrù yín padà. Mi ò lọ mọ́." Ìyá wa bú sẹ́kún. Lásísì fúnra ẹ̀ dìde, ó ní, "Sàrátù, kí ni mo ṣe?" Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan." Ó padà wọlé. Bàbá wa ò bá a jà, ó kàn ní kí àwọn àlejò jẹun kí wọ́n tó lọ.

Kò fẹ́ ọkọ mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n náà, ó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀ ní Ọ̀yọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fún yín ní bisikíìtì. Àmọ́ ẹ ò rí apá ẹ̀ rí. Èmi náà ò rí i. Láti ọjọ́ yẹn, bùbá alápá gígùn ló ń wọ̀, ọyẹ́ o, ooru o. Àwọn èèyàn ní ẹ̀sìn ni, wọ́n ń pè é ní Àlájà láìlọ sí Mẹ́kà. Èmi rò pé àléfọ́ ti padà, pé àpá ọ̀hún ti gba gbogbo apá. Ọdọọdún tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń fi òrí rán dírẹ́bà ní gáréèjì sí i. Á gbà á, á pè mí, á ní ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́ẹ̀kan mo ní, "Sàrátù, ooru yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ara mi ti mọ́ ọn." Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ ẹ́. Á dì mọ́ ògiri lọ sí balùwẹ̀, á ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tó kú, wọ́n ní kí n wà lára àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́. Obìnrin mẹ́ta la jẹ́. Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé bùbá náà kúrò lábẹ́ aṣọ. Apá ọ̀tún la kọ́kọ́ ń wẹ̀. Mo gbé apá náà sórí ọwọ́ mi, mo wo oríkèé ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí fèrèsé sí i, wọ́n ṣí i. Mo fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Awọ arúgbó ni, ó rí bákan náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Mo wo apá òsì. Mo wo ọrùn. Kò sí àpá kankan.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, kí lẹ ń wá?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó bu omi, a ń wẹ̀ ẹ́ lọ.